Àkóso Ilé Awo Nígbà Tí Ọ̀la Kò Dájú

  

Ìmọ̀ràn kan ti ń lọ láti ẹnu dé ẹnu nínú ẹgbẹ́ wa láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Wọ́n ní ìlú le, owó kò sí, àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sí òkè òkun, nítorí náà kí a dá ìyànsípò àwọn alákòóso ẹgbẹ́ dúró títí nǹkan yóò fi rọ̀. Kí àwọn tí ó wà nípò máa bá iṣẹ́ wọn lọ, kí a má ṣe dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní àkókò tí ó yẹ kí a fìmọ̀ ṣọ̀kan. Àwọn tí ó mú ìmọ̀ràn náà wá kì í ṣe ọ̀tá ẹgbẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ju èmi lọ ní ọjọ́ orí, wọ́n sì ti fi owó àti ara wọn ṣe iṣẹ́ ilé yìí kí n tó dé ibẹ̀. Síbẹ̀ n kò fara mọ́ ìmọ̀ràn náà, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba kí ó má baà di ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀.

Bọ́ládé ní Òṣòdì ni a ti ń pàdé, àdúgbò náà sì ti pẹ́ tí ó ti mọ ohun tí à ń pè ní àìdánilójú. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá wó àwọn ìsọ̀ àti àtẹ tí ó ti gba ojú títì Òṣòdì. Nígbà tí ó di oṣù kìíní ọdún 2016, lábẹ́ Gómìnà Akínwùnmí Àmbọ̀dé, ó kan ọjà Owónífàrí. Wọ́n wó o, wọ́n sì ní kí àwọn òǹtajà kó wá sí ọjà Ìsọ̀pákódowó ní Bọ́ládé wa níbí. (Bí mo ti gbọ́ orúkọ ọjà yìí létí, ìsọ̀ pákó tí ó di owó ni. Ẹni tí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ àdúrà í gbà.) Ibùdókọ̀ ńlá Òṣòdì, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ni ẹni tí ó bá ń kọjá ń wò lónìí. Ọ̀pọ̀ èrò tí ó ń wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀ kò mọ̀ pé ọjà ti wà níbẹ̀ rí.

Mo bá díẹ̀ nínú àwọn òǹtajà tí ó kó wá nígbà náà sọ̀rọ̀, nítorí àwọn kan ń wá dá Ifá lọ́dọ̀ mi. Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ wọn tí n kò gbàgbé. Àwọn tí ó pa àdánù jù lọ kì í ṣe àwọn tí ọjà wọn kéré. Àwọn ni ó wà lábẹ́ olórí kan ṣoṣo, tí ó jẹ́ pé orí rẹ̀ nìkan ni orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni owó àjọ wà, fóònù rẹ̀ nìkan ni a fi ń bá àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí katakata wọ ọjà, tí a kò sì rí ọkùnrin náà, ẹgbẹ́ tú ká bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Àwọn mìíràn wà tí akọ̀wé wọn ní ìwé orúkọ, tí igbákejì mọ iye tí ó wà ní bánkì, tí àwọn àgbà mẹ́ta sì mọ ẹni tí a ó lọ bá. Ìsọ̀ tiwọn náà wó. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n tún ti jókòó pọ̀.

Lẹ́yìn ọjà, ó kan àwa náà. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó nítorí àrùn kòrónà, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ títí di ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún. Ilé ìsìn wà ní títì di oṣù kẹjọ. Nígbà tí ìjọba ṣí wọn, ọjọ́ Jímọ̀ ọjọ́ keje ni wọ́n mú fún mọ́sálásí, ọjọ́ Àìkú ọjọ́ kẹsàn-án fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sẹ̀ Ifá tiwa, tí ó ń yípo ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń ka ọjọ́, kò bá èyíkéyìí nínú méjèèjì ṣe déédéé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, owó bébà wọ́n nígbà tí bánkì ìjọba àpapọ̀ ń pààrọ̀ náírà, ẹni tí ó ní owó nínú bánkì kò rí owó wọkọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, jálá epo tí kò tó N200 sì di nǹkan bí N500. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti súnmọ́ N1,000. Ẹni tí ń wọkọ̀ láti Àyọ̀bọ́ tàbí Ìkòròdú wá sí Bọ́ládé ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ mọ ohun tí mo ń sọ.

Ọ̀rọ̀ ìjọba náà kò dúró sójú kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, Ìpínlẹ̀ Èkó fi ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 21, ṣe ọjọ́ ìsinmi fún Ìṣẹ̀ṣe. Inú wa dùn, a jó. Bẹ́ẹ̀ ni kò tí ì pẹ́ tí wọ́n halẹ̀ mọ́ olórìṣà kan ní Ìlọrin pé kò gbọdọ̀ ṣe ọdún rẹ̀. Àwọn kan ń ṣí ilẹ̀kùn fún wa, àwọn kan ń tì í. Kò sí ẹni tí ó lè sọ èyí tí yóò borí lọ́dún mẹ́wàá sí i.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan ń sọ pé ṣebí babaláwo ni wá, kí ni ó ń jẹ́ àìdánilójú fún wa? Ìbéèrè náà dára, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni àṣìlóye ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo bí a ti ń dá Ifá. Ẹni tí ó wá kì í sọ ohun tí ó bá a wá fún awo. Ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó lọ́wọ́ rẹ̀, a gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ lé e, a dá a. Ọ̀kan nínú igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta Odù yóò yọ. Awo kò mọ ìbéèrè, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó rí. Lẹ́yìn èyí a óò fún ẹni náà ní ìbò, a óò bi Ifá bóyá ire ni tàbí ibi, irú ire wo, irú ibi wo, kí ni ẹbọ. Gbogbo ètò yìí ni àwọn baba wa ṣe nítorí wọ́n mọ̀ pé ènìyàn kò mọ ọ̀la. Bí awo bá mọ̀ ọ́n, kí ni yóò ṣe pẹ̀lú ìbò? Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ òótọ́ ohun tí ó wà nílẹ̀, kí ó sì tọ́ka ohun tí ọwọ́ lè ṣe sí i.

Ohun tí ó wù mí jù nínú ẹ̀kọ́ wa ni ìyẹ̀rẹ̀ sísun. Nígbà tí awo bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn awo ẹgbẹ́ rẹ̀, ní ìparí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dá a lóhùn pé "hin-in". Ìdáhùn yìí ju orin lọ: ẹ̀rí ni pé ohun tí ó sọ pé. Bí ó bá fi ohun kan sílẹ̀, tàbí tí ó fi ẹsẹ̀ kan wọ inú òmíràn, wọn kò ní dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Wọn óò dá a dúró, ì báà jẹ́ àgbà. Mo ń kọ́ni ní yunifásítì, mo ti jókòó sí àwọn ìpàdé ọ̀mọ̀wé níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n pé ó ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ilé awo gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló dé tí a fi ń dá awo dúró lórí ẹsẹ̀ Ifá, tí a kò sì gbọdọ̀ dá alága dúró lórí owó ẹgbẹ́?

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi kejì dá sí i díẹ̀. Orúkọ mẹ́ta ni a sábà máa ń pe ẹni tí ó wà níwájú ẹgbẹ́. Aṣáájú ni ẹni tí ó ṣe iwájú: ibi tí ó wà ni orúkọ náà ń sọ. Adarí ni ẹni tí ń da orí nǹkan sí ọ̀nà kan: ọ̀nà ni orúkọ náà ń sọ. Ṣùgbọ́n alákòóso, inú àkóso ni ó ti wá, kí a kó, kí a sì so. Kíkó ni àkọ́kọ́, síso ni ìkejì, bí ẹni kó igi ìdáná jọ tí ó sì fi okùn dì í. Nígbà tí ọ̀nà bá mọ́lẹ̀ kedere, aṣáájú àti adarí tó wa. Nígbà tí a kò rí ọ̀nà, àkóso ni a nílò, nítorí kò sí ẹni tí ó lè da orí wa sí ibi tí òun pàápàá kò rí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ilé òrìṣà tí àkóso mú la ìgbà líle kọjá, kí ó wo Bàhíà ní Brazil. Ní ọdún 1910, ìyálórìṣà kan tí à ń pè ní Mãe Aninha, Ọba Bíyìí nínú orúkọ òrìṣà, dá Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá sílẹ̀ ní ìlú Salvador. (Kí ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ẹ̀jẹ̀ wọn ẹ̀sìn gbọ́ èyí: àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá. Gurunsi ni wọ́n.) Ìgbà tí ó ṣe é kì í ṣe ìgbà ìrọ̀rùn. Ọlọ́pàá ń ya wọ ilé òrìṣà, wọ́n ń kó ìlù àti ohun ọlọ́wọ̀ lọ, wọ́n ń ti àwọn olórìṣà mọ́lé. Títí di ọdún 1976, òfin Bàhíà ń fẹ́ kí ilé òrìṣà gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí ó tó ṣe ọdún.

Kí ni obìnrin yìí ṣe? Kò dúró de ìgbà tí nǹkan yóò rọ̀. Láàárín inúnibíni náà gan-an, ní ọdún 1936, a forúkọ ẹgbẹ́ ilé náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kí ilẹ̀ àti ilé má baà jẹ́ ti ẹnì kan. Ní àkókò kan náà, òun àti babaláwo Martiniano do Bonfim, Ọjẹ́ládé, dá ìgbìmọ̀ Ọba Ṣàngó méjìlá sílẹ̀, mẹ́fà ní ọ̀tún, mẹ́fà ní òsì, pẹ̀lú orúkọ oyè bí Abíọ́dún, Olúgbọ́n, Àrẹ̀sà àti Oníkòyí. Èkó ni Martiniano ti gba ẹ̀kọ́. Ó dé ibí ní ọmọdé ní ọdún 1875, ó sì padà sí Bàhíà ní 1886. Ìrántí ìlú wa, láti etí omi Èkó yìí, ni ó fi ràn wọ́n lọ́wọ́ láti to àkóso wọn.

Mãe Aninha kú ní oṣù kìíní ọdún 1938, kò tó ọdún méjì lẹ́yìn tí ó so okùn náà. Ilé kò tú. Ìyálórìṣà mẹ́ta tẹ̀lé e, kí ó tó kan Mãe Stella, tí ó wà nípò láti 1976 títí ó fi kú ní oṣù kejìlá ọdún 2018. Ọ̀kan nínú wọn, Mãe Senhora, fi ọ̀tún àti òsì kún ọba kọ̀ọ̀kan, méjìlá sì di mẹ́rìndínlógójì. Ẹ ro ìtumọ̀ rẹ̀: olóyè kọ̀ọ̀kan ní ẹni méjì tí ó mọ ohun tí ó mọ̀. Òun náà ni ó mú àwọn ènìyàn ńlá ìlú bí Jorge Amado òǹkọ̀wé àti Carybé ayàwòrán wọ inú ìgbìmọ̀ náà, àwọn tí ohùn wọn lè dé ibi tí ohùn ìyálórìṣà kò lè dé.

N kò sọ pé kò sí ìjà níbẹ̀. Nígbà tí Mãe Stella kú, ọ̀rọ̀ ibi tí a ó sin ín sí dé ilé ẹjọ́. Àwọn tí ó ń bẹ̀rù ìyànsípò lè fi èyí gbè ara wọn lẹ́sẹ̀: ṣé ẹ rí i, ipò a máa dá ìjà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1936 ni ó ní ẹsẹ̀ láti fi dúró ní ilé ẹjọ́ náà, ní ọdún 2019 ni a sì yan ìyálórìṣà mìíràn. Ẹ fi wé Ọ̀yọ́ wa. Aláàfin Làmídì Adéyẹmí kẹta wàjà ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Ó di oṣù kìíní ọdún 2025 kí a tó mọ ẹni tí yóò gorí ìtẹ́. Ọ̀yọ́ tó bẹ́ẹ̀, ó gbà á. Ẹgbẹ́ kékeré bí tiwa kò ní gba ọdún mẹ́ta láìní ẹni tí a mọ̀ sí ipò.

Àṣìṣe tí ó wà nínú ìmọ̀ràn yìí, bí mo ti rí i, ni pé ó pa oríṣi ipò méjì pọ̀. Oyè awo wà. Àràbà, Olúwo, Akọ́dá, Aṣẹ̀dá àti irú wọn, Ifá ni ó ń yàn wọ́n, títí ọjọ́ ikú ni. Kò sí ẹni tí ó ń dìbò fún Olúwo, n kò sì ní gbà kí a bẹ̀rẹ̀. Ipò ẹgbẹ́ sì wà: alága, akọ̀wé, akápò, alukoro. Ìwọ̀nyí jẹ́ iṣẹ́ tí a gbé fún ènìyàn fún ìgbà díẹ̀, nínú ìwé òfin tí gbogbo wa fọwọ́ sí. Láti bí ọdún mélòó kan, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún akápò bí ẹni bọ̀wọ̀ fún Àràbà. Ẹni tí ó bá béèrè ìwé owó, a ó ní ó ń rí àgbà fín. Ìyẹn kò sí nínú ìṣẹ̀ṣe. Ilé iṣẹ́ ìjọba ni a ti kó o wá. Bí a bá wá ní kí ipò ẹgbẹ́ dúró títí nǹkan yóò fi rọ̀, a ti sọ ọ́ di oyè ayérayé láìbi Ifá, nítorí èmi kò rí ìgbà tí nǹkan rọ̀ ní Èkó láti ọjọ́ tí mo ti mọ Òṣòdì.

Mo mọ̀ pé ohun kan wà tí ó yẹ kí a dá dúró. Ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó kò lè ṣe gbogbo ohun tí ó ti ń ṣe. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn ni ti Òṣogbo ní ọdún 2020. Àjọ UNESCO ti fi igbó Ọ̀ṣun sínú àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé láti ọdún 2005, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni ó sì máa ń wá síbẹ̀ lọ́dọọdún. Lọ́dún kòrónà, a fi ogunlọ́gọ̀ sílẹ̀, a ṣe ètùtù. Àwọn tí ó pa àṣẹ náà mọ ohun tí ọdún jẹ́ gan-an: ètùtù ni ọdún, èrò ni ayẹyẹ. Àwa náà lè dín ayẹyẹ kù. Kí a má dá aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dún yìí. Kí a má gba gbọ̀ngàn. Kí ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì lóṣù di ẹ̀ẹ̀kan, kí àwọn tí ó jìnnà sì máa bá wa pé lórí WhatsApp. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ Ifá, kíkọ́ àwọn ọmọ ní ẹsẹ̀, ìrànlọ́wọ́ fún àwọn àgbà tí ara wọn kò le, àti ìṣirò owó, ìwọ̀nyí ni ètùtù tiwa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá ayẹyẹ lọ.

Nípa àwọn ọ̀dọ́ tí ń lọ, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tí ó bá rí ọ̀nà, kí ó lọ, kí Ògún ṣí ọ̀nà fún un. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá di iṣẹ́ ẹgbẹ́ mú má ṣe lọ kí ó tó kọ́ ẹlòmíràn ní iṣẹ́ náà. Ní báyìí, ẹnì kan ṣoṣo ni ó mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń wọlé sí ojú òpó wa yìí, ó sì ti gba físà.

Ìpàdé wa tí ń bọ̀ yóò wáyé ní Bọ́ládé níbi tí a ti ń ṣe é. Mo ti bá alága sọ̀rọ̀, ó sì ti gbà kí a gbé ọ̀rọ̀ ìyànsípò yìí kalẹ̀ kí gbogbo ilé dá sí i. Ohun tí mo fẹ́ béèrè níbẹ̀ kò pọ̀: kí a yan àwọn alákòóso gẹ́gẹ́ bí ìwé òfin ti wí, kí olúkúlùkù wọn ní ọ̀tún àti òsì, kí akápò ṣí ìwé owó sórí ẹní níbi tí ojú gbogbo wa ti tó o, kí ẹni tí ó bá rí i pé ó pé dáhùn pé "hin-in", kí ẹni tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ dá a dúró. Oyè awo méjì tí ó ṣófo ńkọ́? Èmi yóò gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ mi dání fún ìyẹn. Fún ipò ẹgbẹ́, ọwọ́ nínà ni a ó lò.